Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Ọ̀rọ̀ Àwọn Tó Bá Ìgbéyàwó Dé Jẹ́dà

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn àgbà kò fi òwe yìí bú àlejò. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ojú nìkan kò tó láti fi mọ ìlú, nítorí pé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Nítorí náà, onílé ni òwe yìí di ẹrù lé lórí ju àlejò lọ. Èyí máa ń hàn nígbà tí ẹbí bá wọ ọkọ̀ òfurufú láti ilẹ̀ Yorùbá lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ wọn ní Jẹ́dà, ní ilẹ̀ Saudi Arabia.

Al-Sabeel wà lára àwọn àdúgbò Jẹ́dà tí ọmọ Afíríkà pọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Kí ọkọ̀ òfurufú tó dé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà lọ ṣe Háájì ló ń gba Chad àti Sudan kọjá, kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi la Òkun Pupa já. Àwọn kan kò padà sílé mọ́. Takruni ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú-ọmọ wọn. Àlejò tó bá rí aláwọ̀ dúdú tó ń sọ Lárúbáwá geere lè rò pé àjèjì bíi tòun ni, bẹ́ẹ̀ ìlú náà ni wọ́n bí baba ẹni náà sí.

Yìgì sísọ kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí Yorùbá, àríyá ló yàtọ̀. Ní ìṣe àwọn ará ibẹ̀, gbọ̀ngàn ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Àwọn obìnrin ń ṣí ìbòrí níbi tiwọn, wọ́n ń jó, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fóònù jáde ya àwòrán. Ẹni tó ti múra láti ya aṣọ ẹbí ní fọ́tò gbọ́dọ̀ ti gbọ́ èyí láti ilé. Oúnjẹ pẹ̀lú máa ń pẹ́, ó lè di ọ̀gànjọ́.

Saleeg, ìrẹsì tí wọ́n fi omi ẹran àti wàrà sè títí tó fi rọ̀, lè jọ oúnjẹ aláìsàn lójú àlejò, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ àyẹ́sí ni. Ní òwúrọ̀, ẹ̀wà fúlù àti búrẹ́dì tamees ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ. Adìẹ díndín ilé oúnjẹ Al-Baik, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jẹ́dà lọ́dún 1974, kò nílò alálàyé.

Al-Balad, ìlú àtijọ́ tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2014, ni ojú ti nílò olùtọ́nà jù lọ. Òkúta iyùn inú Òkun Pupa ni wọ́n fi mọ àwọn ilé náà. Fèrèsé onígi tó yọ síta ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, ó sì ń jẹ́ kí ará ilé rí ìta láìjẹ́ pé ará ìta rí i. Níwájú Ilé Nassif, níbi tí Ọba Abdulaziz, ẹni tó dá ìjọba Saudi Arabia sílẹ̀, wọ̀ sí lọ́dún 1925, igi kan wà tí Yorùbá lè kọjá lára rẹ̀ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì: dóńgóyárò ni. Ní ìlú tí igi ti ṣọ̀wọ́n nígbà náà, igi yìí ni wọ́n fi ń júwe ilé ọ̀hún.

Mẹ́kà jìnnà sí Jẹ́dà tó nǹkan bí 80 kìlómítà, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá sì ti ń ná ọ̀nà náà láti ọdún 2018. Mùsùlùmí lè ṣe Úmúrà níbẹ̀: yóò ti gbé aṣọ hàrámì wọ̀ kó tó débẹ̀, yóò yí Káábà ká nígbà méje, yóò sì rìn láàárín òkè Safa àti òkè Marwa nígbà méje. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ wọ ìlú náà. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló sì máa ń wà nínú ẹbí Yorùbá. Etíkun Jẹ́dà ni Kìrìsìtẹ́nì inú wọn lè gbà lọ ní ìrọ̀lẹ́, láti wo orísun omi Ọba Fahd tó ń tú omi sókè ju 250 mítà lọ. Kí onílé sọ gbogbo èyí fún wọn kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó má jẹ́ ojú ọ̀nà Mẹ́kà ni wọn yóò ti gbọ́ ọ.