Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Jókòó Ṣiṣẹ́, Ìdí Yín Ti Ń Sùn o! Rọ́bà Tíúbù Rèé, Ẹ Fi Jí I

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìjókòó ń fojú èèyàn rí, kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà nírọ̀lẹ́, nígbà táwọn ìyá ọlọ́jà bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Kó máa wo bí wọ́n ṣe ń dìde. Ọ̀kan á kọ́kọ́ fọwọ́ ti orúnkún, á ní "Yéè, ìdí mi o!", á wá dúró díẹ̀ kó tó lè na ẹ̀yìn. Òmíràn á ní kí ọmọ tó ń bá òun tajà wá fa òun dìde. Bàbá télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn, tó ti ń tẹ máṣínnì láti àárọ̀, á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní iṣẹ́ ló rẹ àwọn, tàbí pé àgbà ti ń dé. Àwọn kan á tiẹ̀ ní ayé ló ń ṣe àwọn.

Bẹ́ẹ̀ rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ayé, kì í sì í ṣe àgbà nìkan. Àpótí tí wọ́n jókòó lé ni. Ọ̀rọ̀ àpótí yẹn, àti ti rọ́bà kékeré kan tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀, ni ojú ewé yìí gbé dé lọ́sẹ̀ yìí.

ỌMỌ IṢẸ́ TÍ WỌN KÌ Í RÁN NÍṢẸ́

Iṣan ara èèyàn dà bí ọmọ iṣẹ́. Èyí tí ọ̀gá bá ń rán níṣẹ́ lójoojúmọ́, ara ẹ̀ á le, ọwọ́ ẹ̀ á yá. Èyí tó bá jókòó lásán látàárọ̀ ṣúlẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó gbé ẹrù, á máa mí hẹlẹhẹlẹ ni. Iṣan tó tóbi jù lọ lára èèyàn, ìdí ló wà. Òun ló ń gbé wa dìde lórí àga, òun ló ń bá wa gun òkè, òun ló ń ran ẹ̀yìn lọ́wọ́ nígbà tá a bá ru ẹrù. Àmọ́ téèyàn bá ti jókòó báyìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, ó di tìmùtìmù. Kéèyàn wá jókòó fún wákàtí mẹ́jọ, mẹ́wàá, lójoojúmọ́, fún ogún ọdún, ṣé ọmọ iṣẹ́ yẹn ò ní gbàgbé iṣẹ́ ni?

Bí ìdí ṣe ń rọ, bẹ́ẹ̀ ni iṣan iwájú, níbi tí itan ti pàdé ikùn, á máa le, á máa súnkì. Dókítà kan tó jẹ́ ará Czechoslovakia, Vladimir Janda, tó kú lọ́dún 2002, ló la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀: iwájú itan àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á le gan-an, ìdí àti ikùn á wá dẹ̀. Ẹ̀yìn á máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, á tún máa ṣe ti ìdí mọ́ ọn. Ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, ṣé kò ní sunkún? Ẹkún yẹn wà lára ohun tá à ń pè ní ẹ̀yìn dídùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú ni pé, tí ẹ̀yìn bá ti ń dùn báyìí, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ rà. Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á bọ́ sórí oògùn ara ríro, wọ́n á máa gbé e mì láàárọ̀, wọ́n á gbé e mì lálẹ́, bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Irú oògùn bẹ́ẹ̀, téèyàn bá sọ ọ́ di oúnjẹ, ó lè dá egbò sínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Iṣan tó ti rọ ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Kò sí oògùn tó ń bá ọmọ iṣẹ́ kọ́ iṣẹ́.

KÌ Í ṢE ÒNÍ LÓ BẸ̀RẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó inú ọ́fíìsì nìkan ni. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Lọ́dún 1700, dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, gbé ìwé jáde lórí àìsàn tí iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń fà. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ àtàwọn tó ń ṣe bàtà, ó rí i pé ìjókòó àti ìtẹ̀kọ̀rọ̀ ń sọ wọ́n di abuké. Ìmọ̀ràn tó fún wọn ni pé, ó kéré tán, tó bá di ọjọ́ ìsinmi, kí wọ́n máa na ara, kí wọ́n máa lo ẹsẹ̀ àti apá wọn.

Kódà, orúkọ télọ̀ wà lára iṣan. Iṣan tó gùn jù lọ lára èèyàn, èyí tó dábùú itan kọjá wá sí ìsàlẹ̀ orúnkún, sartorius ni àwọn dókítà ń pè é. Inú èdè Látìn tí wọ́n ń pe télọ̀ ní sartor ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, nítorí pé ńṣe ni àwọn télọ̀ ayé àtijọ́ máa ń ká ẹsẹ̀ lórí tábìlì ránṣọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún iṣan ṣe náà ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1865, dókítà kan ní Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, tó ń jẹ́ Gustav Zander, ti ní ilé tó kó oríṣiríṣi ẹ̀rọ sí, eléyìí fún ẹsẹ̀, tọ̀hún fún apá, òmíràn fún ẹ̀yìn. Irin ńláńlá ni, àwọn míì tiẹ̀ ń lo agbára ooru omi bíi ti rélùwéè. Olówó ló ń débẹ̀. Ọmọ ọmọ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ló kún inú ilé ìdárayá àwọn ọlọ́rọ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n iṣan ò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ohun tó mọ̀ kò ju pé nǹkan kan ń fà á, òun náà sì gbọ́dọ̀ fà á padà. Rọ́bà lásán sì lè ṣèyẹn.

RỌ́BÀ NÁÀ RÈÉ

Àwọn òyìnbó ń ta rọ́bà pẹlẹbẹ kan fún iṣẹ́ yìí, àwọn ilé ìwòsàn náà ń lò ó. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi àwọ̀ pín in nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú ti ilé-iṣẹ́ kan tó gbajúmọ̀ níbẹ̀, yẹ́lò rọ̀, pupa le jù ú lọ, aláwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, kó tó kan dúdú. Ti ilé-iṣẹ́ míì lè yàtọ̀, nítorí náà, ọwọ́ ni kéèyàn fi fà á wò kó tó sanwó.

Ẹni tí ò bá rówó ìyẹn, kó lọ bá fọkanáísà ẹ̀bá títì. Tíúbù inú táyà kẹ̀kẹ́ tàbí ti ọ̀kadà, irú èyí tí wọ́n ń gé fi de ẹrù, tí àwọn ọmọ sì fi ń ṣe kànnàkànnà, ó tó. Kí wọ́n gé e ní fífẹ̀ ìka méjì sí mẹ́ta, kó gùn tó apá èèyàn méjì. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ sá a síbi tí oòrùn ò sí. Ẹ fà á wò káàkiri. Tó bá ti sán tàbí tó ní ojú ihò, ẹ jù ú nù, nítorí rọ́bà tó já lójijì lè ba ojú jẹ́. Ẹni tí rọ́bà bá ń yún lára, kó fi aṣọ sábẹ́ ẹ̀ tàbí kó pa á tì.

BÍ WỌ́N ṢE Ń FÀ Á

Èkínní: Ẹ jókòó sétí àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Ẹ so rọ́bà yí itan méjèèjì ká, lókè orúnkún díẹ̀. Ẹ ti orúnkún méjèèjì síta kí rọ́bà náà nà, ẹ kà dé mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, abẹ́ ìró lẹ ti lè máa ṣe èyí, oníbàárà tó ń ná ọjà lọ́wọ́ ò ní mọ̀ rárá.

Ìkejì: Ẹ dìde, ẹ fọwọ́ di tábìlì tó dúró ire mú, kí rọ́bà ṣì wà lókè orúnkún. Ẹ na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn láì tẹ̀ síwájú, ẹ dá a padà. Mẹ́wàá fún ọ̀tún, mẹ́wàá fún òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ máa nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí iṣan ìdí ti ń jí lójú oorun gan-an nìyí.

Ìkẹta: Ti àwọn télọ̀, àwọn aránbàtà àtàwọn onídìrì tí èjìká wọn ti tẹ̀ síwájú ni. Ẹ fi rọ́bà kọ́ òpó tó rinlẹ̀, ẹ di etí méjèèjì mú, kẹ́ ẹ fà á wá sí ìhà yín títí ìgúnpá á fi lọ sẹ́yìn, bí ẹni ń tu ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà mẹ́wàá.

Ìkẹrin ò fẹ́ rọ́bà. Ẹ dìde lórí àga láì fọwọ́ ti nǹkan kan, kẹ́ ẹ padà jókòó jẹ́jẹ́, ìgbà mẹ́wàá.

Àṣírí ibẹ̀ ni pé kéèyàn má jẹ́ kí rọ́bà náà já ara ẹ̀ gbà padà. Bẹ́ ẹ bá ṣe fà á lọ pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ náà ni kẹ́ ẹ dá a padà. Ẹ máa mí, ẹ má séèémí, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tó bá di ìgbà kẹjọ sí ìkẹwàá, ó yẹ kó ti máa nira díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ń ṣe é dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ò sì ní yín lára mọ́, ẹ ṣẹ́ rọ́bà náà po sí méjì. Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020, sọ pé ó kéré tán, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ló yẹ kí àgbàlagbà fi fún iṣan lókun, yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú 150 sí 300 tó yẹ kó máa fi rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá sì retí àyípadà lọ́la ń tan ara ẹ̀. Kó fún un ní oṣù méjì.

Ẹ DÁN ARA YÍN WÒ

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé àga tí kò lápá ti ògiri. Ẹ jókòó, ẹ ká apá méjèèjì sáyà. Kí ẹnì kan máa wo aago fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ máa dìde, kẹ́ ẹ máa jókòó, kó máa kà á. Obìnrin ẹni ọdún 60 sí 64 tí kò bá lè dìde tó ìgbà 12, ọkùnrin tí kò bá sì tó 14, ẹsẹ̀ ti ń rọ nìyẹn, ó sì lè ṣubú nírọ̀rùn. Fún ẹni ọdún 70 sí 74, 10 ni ti obìnrin, 12 ni ti ọkùnrin. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ rí sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ tún un ṣe.

Ẹni tó bá ń sọ pé òun ti darúgbó jù, kó gbọ́ èyí. Lọ́dún 1990, àwọn dókítà kan ní Boston, tí Maria Fiatarone jẹ́ aṣíwájú wọn, mú àwọn arúgbó mẹ́wàá tó ń gbé ilé ìtọ́jú, tí ọjọ́ orí wọn tó 90. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo lórí ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Mẹ́sàn-án parí ẹ̀. Ká ní agbára ẹsẹ̀ wọn jẹ́ 100 tẹ́lẹ̀, ó di 274. Àwọn méjì jọ̀wọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún mà ni o!

IBI TÍ RỌ́BÀ Ò DÉ

Rọ́bà ò lè san gbèsè ìjókòó tán. Ẹni tó fà á láàárọ̀, tó wá jókòó títí di alẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kó wọlé, òsì ló fi ń kó jáde. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ dìde. Ọ̀gá tó ń rán ọmọ iṣẹ́ pé kó lọ bu omi, kó lọ ra fọ́nrán òwú, kó mú sáàsì tó wà nítòsí wá, ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń lókun, tirẹ̀ ń rọ. Ẹ máa jẹ́ iṣẹ́ yẹn fúnra yín nígbà míì.

Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan bá ń kú, tí kò lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró mọ́, tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì gbóná, tàbí tí àyà ń dùn tó bá ti lo agbára, ọ̀rọ̀ rọ́bà kọ́ nìyẹn, kó tètè lọ sílé ìwòsàn. Aláboyún àti ẹni tí eegun ẹ̀ ti kán rí, kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wọn. Kì í ṣe pé a ò ní àwọn tó mọ̀ ọ́n: Igbóbì ti ń tọ́jú eegun àti iṣan láti 1945, láyé ìgbà tí àwọn sójà ń ti ojú ogun Hitler dé, àwọn tí wọ́n sì ń pè ní physiotherapist wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá ìjọba.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ju ti ẹ̀yìn dídùn lọ. Àtijókòó tajà yẹn, nítorí ọjọ́ alẹ́ ni. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, owó ilé kíkọ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè dá dìde mọ́ lọ́jọ́ alẹ́, tí wọ́n ní láti gbé lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n ní láti gbé bọ̀, owó tó fi ìjókòó kó jọ náà ló máa fi gba ẹni tí yóò máa gbé e. Ẹ tètè wá rọ́bà yín lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà.

Ẹni tó bá dán an wò, tàbí tó ní ìbéèrè, kó kọ lẹ́tà sí ojú ewé yìí. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.