Owó Oṣù Nìkan Kọ́: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Ọ̀gá Iṣẹ́ ní Òtò

Láti Òtò dé Ọyíngbò l'Ékòó, ohun kan wà tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ máa ń sọ, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pàápàá ti gbà gbọ́: bí owó oṣù bá ti wọlé lásìkò, kò sí ohun tó kù tí òṣìṣẹ́ ń wá. Wọn a ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Irọ́ ni: òṣìṣẹ́ tún ń wá àlàyé, àdúgbò wa yìí gan-an sì ni ẹ̀rí rẹ̀ wà.

Kò jìnnà sí Òtò rárá tí ọgbà rélùwéè Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà wà, níbi tí Michael Imoudu ti ṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n máa ń sọ pé owó ni ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945 dá lé lórí. Owó ni wọ́n béèrè lóòótọ́: ṣílè méjì ààbọ̀ lójúmọ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, àti ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbé wọn débẹ̀. Ní 1942, ìjọba Gómìnà Bourdillon fi kún owó ìrànwọ́ náà, ó sì ṣèlérí pé bí ọjà bá tún gbówó lórí, àwọn á tún un yẹ̀ wò. Ogun Àgbáyé Kejì ń jà, ọjà ń gun òkè, ìjọba kò rántí ìlérí mọ́. Ní 1943, wọ́n lé Imoudu kúrò l'Ékòó lọ sí Auchi. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀wé ní oṣù kẹta 1945, èsì tó dé ní oṣù karùn-ún ni pé àfikún owó kò ní ṣàǹfààní bí aráàlú kò bá kọ́ láti dín ohun tó wọ́n kù. Ẹni tí ebi ń pa, ẹ ní kó lọ dín oúnjẹ kù!

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, iṣẹ́ dúró. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, ìjọba ti West African Pilot àti Daily Comet pa, àwọn ìwé ìròyìn tó ń gbé ohùn òṣìṣẹ́ jáde. Bó bá jẹ́ owó nìkan ni ìjà náà, kí ni ìwé ìròyìn ṣe? Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1946, ìgbìmọ̀ Tudor Davies, tí ìjọba ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà, ní kí wọ́n san ìdá 50 náà. Owó tí wọ́n ní kò ní ṣàǹfààní ni wọ́n san, lẹ́yìn tí ìgbẹ́kẹ̀lé ti bàjẹ́.

Lónìí ńkọ́? Aago mọ́kànlá òru ni ọ̀gá yí àsìkò iṣẹ́ padà lórí WhatsApp. Ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán dé láàárọ̀, kúèrì ló bá lórí tábìlì. Ẹlòmíì, ẹnu máígádì ló ti gbọ́ pé wọ́n ti gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé, inú rẹ̀ kò dùn, ó sì ti ń wá iṣẹ́ mìíràn lábẹ́lẹ̀.

Frederick Herzberg ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn ẹnjiníà àti aṣírò-owó ní Pittsburgh léèrè, wọ́n sì gbé ìwé jáde ní 1959. Owó tí kò tó ń bí wọn nínú, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú wọn fẹ́ràn iṣẹ́ ni kí iṣẹ́ yọrí, kí ẹnìkan sì mọ̀ ọ́n fún wọn. Ẹnu ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n fún èèyàn.

N kò ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ́pò owó o. ₦70,000 tí wọ́n sọ di òfin ní 2024 kò tó gbọ́ bùkátà ilé kan l'Ékòó, ẹni tó sì jẹ òṣìṣẹ́ lówó kò ní àlàyé kankan ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé àlàyé wà lára gbèsè tí ẹ jẹ òṣìṣẹ́.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tó ti wà láti 1974, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé: kí oṣù mẹ́ta tó pé, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn, bí nǹkan bá yí padà nínú rẹ̀, kó fi ìwé sọ ọ́ láàárín oṣù kan. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ Òtò, bí ẹ kò bá tíì gba tiyín, ẹ lọ béèrè.