Orúkọ Mallitamma Ṣì Wà Níbẹ̀

Àìsàn ìyá mi ló gbé mi dé Íńdíà. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí kò sí àyẹ̀wò, mo wọkọ̀ lọ sí Somanathapura, abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Mysuru, kí n lè fojú rí ilé òrìṣà Keshava. Ọdún 1258 ni Somanatha, ọ̀gágun ọba Narasimha Kẹta, ṣí i.

Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Òkúta ilẹ̀ gbóná bí agbada àkàrà, mo wá ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún yí ilé náà po. Orí pèpéle ni wọ́n gbé e kà, igun pèpéle náà yọ ṣóńṣó ṣóńṣó bí ìràwọ̀. Lára ògiri, erin ló tò lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ pátápátá, ẹlẹ́ṣin wà lókè wọn, ewé àti òdòdó tẹ̀ lé e, kí ìtàn àwọn òrìṣà wọn tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé, mo gbójú sókè: òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló rọ̀ láti àjà, òkúta ni! Òkúta ibẹ̀ máa ń rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á jáde, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di líle.

Atọ́nà wa wá nawọ́ sí abẹ́ ère kan. Ìkọ̀wé wà níbẹ̀. "Mallitamma," ó ní. Agbẹ́kùúta náà ló kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe sára ẹyọ kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan náà kọ tiwọn. Ère Keshava gan-an, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́lé, ti sọnù. Wọn kì í bọ òrìṣà níbẹ̀ mọ́. Orúkọ Mallitamma ṣì wà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi. Oṣù mẹ́jọ ló fi gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin kan tí n ò ní dárúkọ. Lọ́jọ́ ìṣíde, orúkọ ọlọ́lá tó sanwó ni wọ́n kàn mọ́ ọn. Ẹ̀yìn èrò ni bàbá mi jókòó sí.

Ní Èsìẹ́ ní Kwara, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà, irú òkúta rírọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni. Ta ló gbẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn? Àwọn kan á ní oríkì ti tó fún oníṣẹ́ ọnà. Oríkì dùn, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń kú.

Ẹ̀yin kábíyèsí, ẹ̀yin alága ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ ń gbéṣẹ́ fún agbẹ́gilére: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè ìka méjì sílẹ̀ fún orúkọ rẹ̀.