Ilé tí a kọ́ fún òbí wa, ṣé òbí wa lè gbé inú rẹ̀ láìléwu?

Nínú ohun tí ọmọ Yorùbá fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́, bóyá la fi rí èyí tó ju pé ó kọ́lé fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀, àdúrà a gbalẹ̀, onílù a lùlù, ẹbí a jẹ, wọn a sì mu. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu, ẹni tó bá sì kọ́lé fún òbí ti ṣe ohun tó yẹ ọmọ. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀ síyẹn. Lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ tán, tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ìyá ẹni ọdún 78 bá dìde lórí ibùsùn láti lọ tọ̀, ṣé ilé náà yóò jẹ́ kó lọ kó bọ̀ láyọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2021 pé ó tó ènìyàn 684,000 tí ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé. Nínú gbogbo ìjàǹbá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ fà, ìjàǹbá ọkọ̀ ojú pópó nìkan ló ń pa ènìyàn jù ú lọ. Àwọn tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó lé ní 80 nínú 100 ikú náà tó ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò ti fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, bíi tiwa yìí. Àjọ kan náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2007 pé nínú 100 àwọn tó ti pé ọdún 65, ẹni 28 sí 35 ló ń ṣubú lọ́dọọdún.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tó gbé àgbà ṣubú ni àgbà ń wá lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé wa lónìí, a kì í wo ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í wo ilẹ̀. A ó ní ọwọ́ ayé ni, a ó ní orogún ló lọ́wọ́ sí i, a ó ní àlá tí ẹnì kan lá lóṣù tó kọjá ló ṣẹ. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó ní ara àgbà ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. A ó gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun tàbí sí ilé ìwòsàn, omi ọṣẹ tó wà nílẹ̀ balùwẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀, yóò máa dúró de ẹlòmíràn.

Báwo ni ilé wa ṣe dà báyìí? Ilé tí àwọn baba ńlá wa ń gbé kò pé, ṣùgbọ́n kò ga. Nínú agbo ilé àtijọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni yàrá wà, wọ́n yí àgbàlá ká, bí àgbà kan bá sì kọsẹ̀, ẹni mẹ́ta ni yóò gbọ́. Ọdún 1845 ni wọ́n parí ilé Àgbádárìgì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni àwọn Àgùdà tó padà bọ̀ láti Brazil fi ọgbọ́n ilé kíkọ́ wọn tún Èkó ṣe, tí àṣà náà sì tàn wọ àwọn ìlú òkè. Láti ìgbà náà ni ilé gíga ti di ilé ọlá. A wá ń rò pé bí a bá fẹ́ bọlá fún òbí, òkè ló yẹ kó máa sùn, kí ayálégbé tàbí ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀. Ọlá ni lóòótọ́ fún ẹni ọdún 50. Ṣùgbọ́n fún ẹni ọdún 80 tí orúnkún ń dùn, àtẹ̀gùn bíi mẹ́rìndínlógún ni ọlá náà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àwọn mìíràn kì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́ rárá. Wọn kì í lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, wọn kì í lè jókòó síta kí ará àdúgbò kí wọn. Wọ́n ti di ẹlẹ́wọ̀n tí a ń bọ̀wọ̀ fún nínú ilé ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé náà. Àtẹ̀gùn rẹ̀ kò dọ́gba: ojú ni bíríkìlà fi wọ̀n ọ́n, ọ̀kan ga ní ínǹṣì mẹ́fà, èyí tó tẹ̀lé e ga tó mẹ́jọ. Bí ẹsẹ̀ bá ti mọ ìwọ̀n kan, tí ìwọ̀n náà sì yí padà lójijì, ènìyàn a ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni irin ìdìmú wà, ó sì lè má sí rárá, nítorí pé owó ti tán kí iṣẹ́ tó dé ibẹ̀. Nílẹ̀ pálọ̀, táìsì tó ń dán bíi dígí ni wọ́n tẹ́, torí pé òun ló wu àlejò lójú. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, kò burú. Bí òjò bá fẹ́ wọlé tàbí tí ọmọdé bá da omi sí i, ó di ọbẹ̀ ilá.

Balùwẹ̀ ló burú jù. Táìsì kan náà ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi àti ọṣẹ kì í kúrò nílẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà yóò bẹ̀rẹ̀ síbi korobá, yóò bu omi, yóò di ojú nítorí ọṣẹ. Kò sí ohun kan lára ògiri tí ọwọ́ rẹ̀ lè dì mú, àfi irin tí wọ́n ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́, èyí tí ìṣó kékeré méjì gbé dúró. Àga ìgbọ̀nsẹ̀ rẹlẹ̀, ilẹ̀kùn há, inú ló sì ṣí sí, tó fi jẹ́ pé bí ẹni tó wà nínú bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn tó wà níta kò ní lè ṣí i láti gbé e.

Ẹ tún fi òkùnkùn kún un. Iná ìjọba ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ti kú láti agogo mẹ́wàá alẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú ènìyàn tọ̀, lè gbé àgbà dìde lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Oògùn kan náà sì lè mú kí òòyì kọ́ ọ bó bá dìde lójijì. Ojú rẹ̀ kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tó ká létí àti wáyà tó gba ilẹ̀ kọjá sì ń dúró dè é lójú ọ̀nà.

Egungun àgbà kò rí bíi ti ọmọdé, pàápàá ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tí egungun rẹ̀ sì ti fúyẹ́. Bí egungun ìbàdí bá kán, iṣẹ́ abẹ ni àwọn dókítà sábà máa ń fi tún un ṣe, àpò ẹbí sì ni owó rẹ̀ ti ń jáde lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wa. Bí owó kò bá sí, orí ibùsùn ló kù. Egbò ẹ̀yìn yóò dé, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró yóò tẹ̀lé e, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sínú ìkéde òkú pé ilẹ̀ balùwẹ̀ ló pa ìyá. "Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́" ni wọ́n máa ń kọ.

Ohun tó yẹ kó dùn wá jù ni pé àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí kò ju agbára àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò wa lọ. Wẹ́dà lè ṣe irin ìdìmú tó nípọn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀kan níbi ìwẹ̀, kí wọ́n sì rì í wọ inú búlọ́ọ̀kù, kó má jẹ́ ara táìsì lásán ló rọ̀ mọ́. Kó ṣe irin àtẹ̀gùn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bíríkìlà lè ṣí táìsì tó ń yọ̀ ní balùwẹ̀, kó tẹ́ èyí tí ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Níbi tí ẹnu ọ̀nà bá ti ga, kó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i, kí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tí ẹnu ọ̀nà náà fi ga, nítorí èyí tó bá dagun jù yóò ti àgbà ṣubú fúnra rẹ̀. Káfíńtà lè yí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kó máa ṣí síta, kó sì fẹ̀ ẹ́ kí àga oníkẹ̀kẹ́ lè kọjá bí ọjọ́ bá kan án. Oníná lè fi iná kéékèèké tó ń lo oòrùn láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé ibi ìgbọ̀nsẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ kó wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ fi ọ̀dà funfun tó kù nílé kun etí àtẹ̀gùn kí ojú lè rí i. Ẹ gbé àga tó dúró gbọn-in sí balùwẹ̀ kí ìyá jókòó wẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gbé yàrá òbí wá sí ìsàlẹ̀. Ìwádìí Cochrane tó jáde lọ́dún 2023, tó kó ìwádìí 22 pọ̀ lórí àgbàlagbà tó ju 8,000 lọ, fi hàn pé títún inú ilé ṣe báyìí ń dín ìṣubú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Fún àwọn tó ti ń ṣubú tẹ́lẹ̀, tàbí tí ara wọn kò dá ṣáṣá, ó dín in kù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò kọ̀. Bàbá yóò bèèrè pé ṣé ẹ ti sọ òun di arọ ni, ìyá yóò ní kí ẹ fi owó náà san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Kí a má fi agbára ṣe é, nítorí ilé ẹni lọ́wọ́ ẹni ni àpọ́nlé wà. Kí a bá wọn jókòó, kí a bi wọ́n pé níbo ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n nínú ilé yìí? Wọ́n mọ ibẹ̀ ju ayàwòrán ilé lọ. Ẹ̀tẹ́ wo ló wà nínú irin tí ọwọ́ dì mú, nígbà tí ọba pàápàá ń mú ọ̀pá àṣẹ?

Ohun kan tún wà tó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun rò. Láti oṣù Kejì ọdún 2022 tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí ilẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó, títí di oṣù Keje ọdún 2025 tí wọ́n tì í fún àwọn tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló gba ibẹ̀ wọlé. Níbẹ̀, wọ́n ń rí i lójoojúmọ́ bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń fi irin sí balùwẹ̀ arúgbó. Ní England, àtúnṣe kékeré tí owó rẹ̀ kò ju £1,000 lọ, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó nílò rẹ̀. Èyí tó tóbi lè gba ìrànwọ́ tó tó £30,000. Japan ní ètò ìbánigbófò ìtọ́jú arúgbó láti ọdún 2000, owó títún ilé ṣe sì wà nínú rẹ̀. Singapore bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ lọ́dún 2012, wọ́n ń fi irin ìdìmú sí ilé, wọ́n sì ń mú kí ilẹ̀ balùwẹ̀ má yọ̀ mọ́. Ọmọ tó ń di ìyá oníyàá mú nínú balùwẹ̀ lókè òkun, kí ó fi fóònù bèèrè ohun tí ìyá tirẹ̀ ń dì mú nílé.

Ìjọba tiwa ńkọ́? Orí kejì ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé kí ìjọba pèsè ibùgbé tó yẹ àti ìtọ́jú fún àwọn arúgbó, ṣùgbọ́n orí yìí kan náà ni ẹnikẹ́ni kò lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Òfin tó dá ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ti wà láti ọdún 2017. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí ààrẹ fọwọ́ sí lọ́dún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024, àtẹ̀gùn gíga ṣì pọ̀ níwájú ọ́fíìsì ìjọba, kò sì kan ilé àdáni. Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣù lọ́dún 2011, Ọ̀ṣun tẹ̀lé e lọ́dún 2012 pẹ̀lú ₦10,000. Ohun tó dára ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ nìyẹn. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá lè béèrè ìwé àṣẹ kí a tó kọ́lé, wọ́n lè béèrè pé kí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan ní yàrá kan àti balùwẹ̀ kan nísàlẹ̀ tí àgbà lè lò. Wọ́n sì lè pàṣẹ pé kí onílé má ṣe dí arúgbó ayálégbé lọ́wọ́ láti fi irin ìdìmú sí balùwẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo àgbà ló ní ilé tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó dìde, ọdún yóò dé, oníkálukú yóò sì lọ kí àwọn ará ilé. Kí o tó ra àgbò, kí o tó san owó aṣọ ẹbí, wọ balùwẹ̀ ìyá rẹ. Da omi sílẹ̀ níbẹ̀, di ojú rẹ, kí o na ọwọ́ sí ògiri. Bí ọwọ́ rẹ kò bá ba nǹkan kan, o ti mọ ibi tó yẹ kí owó ọdún náà lọ.