Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ baálé ilé: ẹ má tíì pariwo àlè o!

Ìjà tó máa ń tú ilé ká ni. Baálé ilé lọ tọ̀, ó rí i pé pupa ló ń jáde, ló bá pa á mọ́ra. Níjọ́ tí ìyàwó ẹ̀ bá rí àbàwọ́n lára ṣòkòtò, ariwo ta nìyẹn: "Bàbá Bọ́lá, ibo lẹ ti lọ kó àtọ̀sí wálé?" Kí wọ́n tó mọ̀, ẹbí ti dá sí i.

Bẹ́ẹ̀, àtọ̀sí kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí tọkọtaya ń kó ran ara wọn wà, àtọ̀sí ajá náà wà, tí kò kan àlè rárá. Kòkòrò ló ń fà á, Theodor Bilharz, dókítà ọmọ Jámánì, ló rí i ní Cairo lọ́dún 1851. Ara ìgbín kéékèèké inú omi ló ti ń dàgbà, tọ́mọdé bá bọ́ sódò, á gba awọ ara wọlé. Ní àríwá Èkìtì, tí wọ́n sé omi sí Ìtapájì lágbègbè Ìkọ̀lé àti sí Ìkún nílẹ̀ Mọba, ọmọ mélòó ni kì í wẹ̀ lódò?

Tó bá pẹ́ lára, ẹyin kòkòrò náà á há sára àpò ìtọ̀, ibẹ̀ á máa dégbò, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Lọ́dún 1994 ni àjọ ìlera àgbáyé, nípasẹ̀ ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ wọn, kà á mọ́ àwọn ohun tó ń fa àrùn náà. Kí ẹlẹ́nu sìgá má rẹ́rìn-ín o, sìgá ló ṣáájú nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lágbàáyé.

Tó bá wá di jẹjẹrẹ, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ilé ń bi dókítà: "Ṣé yóò yè é?" Ẹran tí wọ́n bá gé níbẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, bóyá àrùn náà ti wọnú iṣan àpò ìtọ̀. Àwọn olùwádìí tún ń wo àwọn èròjà purotéènì. Iṣẹ́ p53 ni láti dá sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ dúró kó má pọ̀ sí i. Tóun fúnra ẹ̀ bá bàjẹ́, ó di ọlọ́dẹ tó sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ki-67 ní tiẹ̀ ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín kíákíá tó. NMP22, inú ìtọ̀ ni wọ́n ti ń wá a, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀ lọ́dún 1996. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ àti kòkòrò nínú ìtọ̀ lè tàn án jẹ, ìyẹn ò sì ṣeé fojú fò níbi tí àtọ̀sí ajá wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá ẹjọ́ náà dá. Dókítà ṣì ní láti fi rọ́bà tó ní kámẹ́rà wo inú àpò ìtọ̀.

Oògùn àtọ̀sí ajá wà, praziquantel lorúkọ ẹ̀. Ẹni tó bá rí pupa, bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí kò tiẹ̀ dùn ún, kó má lọ máa da àgbo mu. Ará Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ mọ ọ̀nà Ìdó, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀.

Ìyàwó tó bá fẹ́ jà, kó kọ́kọ́ bá ọkọ ẹ̀ dọ́dọ̀ dókítà ná. Tó bá jẹ́ àlè lóòótọ́, ìjà ò sá lọ. Jẹjẹrẹ ni kì í dúró de ẹnikẹ́ni.