Àdán Ò Sí, Òòbẹ̀ Ń Bẹ: Oúnjẹ Yorùbá Lẹ́yìn Odi

"Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ." Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà nílùú òyìnbó fi ń tu ara wọn nínú nígbà tí ọbẹ̀ ò bá dà bí ọbẹ̀ ilé mọ́. Àmọ́ àgbà tó pa òwe náà kò sọ pé ọ̀kan náà ni àdán àti òòbẹ̀. Kò sì sọ pé kéèyàn ki ohunkóhun tó bá ń fò mọ́lẹ̀. Ohun tó wí ni pé ẹbọ ò gbọdọ̀ dúró, àti pé ẹni tó máa pààrọ̀ ohun ẹbọ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó bá a tan.

Lórí oúnjẹ, ọ̀nà méjì ni àwọn tó ṣí lọ sílùú mìíràn pín sí. Àwọn kan gbà pé ohun tí kò bá ti ilé wá kì í ṣe oúnjẹ ilé: Ṣakí ni èlùbọ́ gbọ́dọ̀ ti wá, irú sì gbọ́dọ̀ rùn dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Àwọn tó kù ní kí wọ́n sinmi ariwo, pé ẹni tó bá dé ìlú adẹ́tẹ̀ a máa di ìkúùkù. Kéèyàn jẹ pòtétò kó sì dúpẹ́. Àsọdùn wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1960 kò rí ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà yà sí bí ti òde òní. Ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n ń rò lórí iná, àwọn míì á po ìyẹ̀fun pòtétò mọ́ ọn, wọ́n á pè é níyán, ọ̀fun á sì gbà á, torí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Lónìí, ẹni tó bá rin Rye Lane ní Peckham tàbí ọjà Ridley Road ní Dalston á rí ata rodo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, epo pupa, ẹ̀gúsí, kódà á rí ìgbín. Síbẹ̀, Gánà ni ọ̀pọ̀ iṣu tó wà lórí àtẹ ti wá. Òfin ibẹ̀ kò sì gbà kí arìnrìn-àjò di ẹran gbígbẹ sínú báàgì láti Nàìjíríà. Ẹ̀wà ńkọ́? Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò tó wà lára rẹ̀, Bìrìtéènì sì wà nínú àjọ náà nígbà yẹn. Ẹni tó bá ń fọ́nnu pé ti ilé nìkan lòun ń jẹ, kó yí ọ̀rá ẹ̀wà rẹ̀ padà, kó ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í yà rárá ni ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì ẹgbẹ́ wọn. Nínú fìríìsà àwọn Lárúbáwá, ewédú ń bẹ níbẹ̀ nínú ọ̀rá, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, yìnyín ti mú un le gbagidi. Molokhia ni wọ́n kọ sí i lára. Ewé kan náà ni. Àwọn ará Íjíbítì ń sè é tipẹ́tipẹ́, àmọ́ aáyù ni wọ́n ń fi sí i níbi tí Yorùbá ti ń fi irú. Tí wọ́n bá gbé e kaná, tí kán-ún díẹ̀ bọ́ sí i, á yọ̀, ìjábẹ̀ gan-an ò sì ní rí iṣẹ́ ṣe. Bákan náà ni callaloo àwọn ará Jàmáíkà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pọ́ńbélé ni. Àwọn kan ti gbé Lọ́ńdọ̀nù pẹ́ tí wọ́n ṣì ń ráhùn ewédú, bẹ́ẹ̀ ìsọ̀ Lárúbáwá kò ju òdìkejì títì lọ.

Ṣùgbọ́n òòbẹ̀ kì í ṣe ológoṣẹ́. Mọ́ínmọ́ín inú agolo ṣeé jẹ, àmọ́ òórùn tí ewé eéran ń fún un kò sí lára agolo. Èyí tó burú jù ni àkàrà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà inú páálí ṣe. Ẹ̀wà tí a rẹ, tí a bó, tí a lọ̀ kúnná, pípò ló kù, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Atẹ́gùn yẹn ló ń mú un wú nínú epo gbígbóná. Ẹni tó kánjú á da omi lu ìyẹ̀fun, á rò ó lẹ́ẹ̀mejì, á dà á sínú epo, á jáde pẹlẹbẹ, á le koránkorán. Ẹ̀wà kọ́ ló jẹ̀bi. Apá ló kọ iṣẹ́.

Ẹlẹ́rìí tó lágbára jù nínú ẹjọ́ yìí wà ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú dé Salvador kò di èlùbọ́ dání. Síbẹ̀, títí dòní, àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń jókòó nídìí àtẹ ní ìgboro ìlú náà, wọ́n ń dín acarajé nínú epo pupa. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ṣíbí onígi pò ó títí yóò fi fúyẹ́. Tó bá jinná, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á kó vatapá, ọbẹ̀ wọn kan tó ki, àti edé gbígbẹ sí i, ohun tí ìyá alákàrà Ìbàdàn lè torí ẹ̀ pe ọlọ́pàá. Àkàrà ni síbẹ̀síbẹ̀, Ọya sì ló ni ín lọ́hùn-ún bó ti ni ín nílé. Abará, mọ́ínmọ́ín tiwọn, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń dì í. Òòbẹ̀ tó bá àdán tan nìyẹn. Ní ọdún 2005, IPHAN, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá níbẹ̀, forúkọ iṣẹ́ àwọn alákàrà wọ̀nyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè náà.

Ọ̀rọ̀ yìí sì tún rìn padà wálé. Nígbà tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ẹrú tó gbòmìnira àti ìran wọn, dé Èkó láti Bùràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àárò oúnjẹ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ń sọ wọ́n. Wọ́n mú fùréjọ̀nù wá: ẹ̀wà tí a sè, tí a lọ̀ kúnná, tí omi àgbọn wọ̀ ọ́ títí ó fi dùn. Ọjọ́ Ẹtì Rere, ṣáájú Àjíǹde, ni wọ́n ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja díndín àti ọbẹ̀ ata, àwọn kan á bu gàrí lé e. Àwọn Kátólíìkì Èkó tí ìdílé wọn ò dé Bahia rí náà ń sè é báyìí. Ẹni tó bá ní kì í ṣe oúnjẹ Èkó, kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní Campos, àdúgbò àwọn Àgùdà l'Ékòó, lọ́jọ́ náà.