Ẹ Má Fọ́ Fóònù Ọmọ Yín

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n kéde lẹ́yìn ìsìn pé ọ̀dọ́ tí wọ́n bá rí tó ń gbá géèmù lórí fóònù nínú ọgbà ìjọ, wọn yóò gba fóònù náà, òbí rẹ̀ ni yóò sì wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Àwa òbí pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo délé ni ọwọ́ tí mo pa yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ká mi lára, nítorí èmi ti ṣe ju gbígbà lọ. Mo ti fọ́ fóònù ọmọ mi rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà, a máa jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lálẹ́, ojú rẹ̀ á wà lórí fóònù, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ̀yin náà mọ ìlú tí à ń gbé. Ní Bìní níbí, bí ọmọkùnrin bá ti tẹrí ba fóònù lóru, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wá sí òbí lọ́kàn: Yahoo. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò béèrè, mi ò sì wo ohun tó ń ṣe. Mo já fóònù náà gbà, mo sì là á mọ́lẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn ní, "Dádì, Insurance ni mò ń ṣe."

Mo tún bínú sí i, mo rò pé ọ̀nà àtigba owó ẹlòmíì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó yé mi pé Bendel Insurance ló ń sọ, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa yìí, àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ àpapọ̀ Nàìjíríà ní 2023. Inú géèmù bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan ló ti ń kun aṣọ wọn, tó ń kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò sí ẹni tó máa bá wa fi Insurance sínú géèmù tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Japan. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni. Inú fóònù yẹn nìkan ló wà.

Ìdí rèé tí mo fi ní kí a má ṣe òfin lórí ohun tí a kò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Géèmù tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń gbá kì í ṣe ti fóònù rárá. Ti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ PSP ni, èyí tí Sony gbé jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, tí wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2014. Èdè tí ẹ̀rọ yẹn gbọ́ kì í ṣe èdè tí fóònù gbọ́. Kí géèmù rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ó gbọ́dọ̀ ní ògbifọ̀. Ẹ wo ìjọ wa lọ́jọ́ ìsìn: oníwàásù ń sọ Yorùbá, ẹnìkan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní Ẹ̀dó tàbí Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá lè rí nǹkan mú lọ sílé. Iṣẹ́ tí emulator ń ṣe náà nìyẹn. Èyí tí àwọn ọmọ wa mọ̀ jù ni PPSSPP, tí ọmọ ilẹ̀ Sweden kan tó ń jẹ́ Henrik Rydgård bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ran ẹni tó ṣe é lọ́wọ́ lè ra èyí tí wọ́n ń pè ní Gold, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe.

Ẹ wá wo ìdí tó fi gbilẹ̀ láàrin wa. PSP àkọ́kọ́ kò ní ju mẹ́mọ́rì MB 32 lọ. Fóònù tí a rò pé kò wúlò mọ́, tí a jù sọ́dọ̀ ọmọ, tó ní GB 2 péré, gbé e láìsí wàhálà. Kò jẹ dátà. Kò béèrè tẹlifíṣọ̀n, kò béèrè jẹnẹrétọ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò ní owó PlayStation láéláé lè jókòó sínú òkùnkùn Ugbowo tàbí Ekenwan kí ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹ̀yin bàbá wa kan ní olè jíjà ni. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí ó ní ibi tí ó ti jóòótọ́, ó sì ní ibi tí kò ti jóòótọ́.

Ògbifọ̀ kì í ṣe olè. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ tipẹ́. Ilé iṣẹ́ Connectix ní Amẹ́ríkà tú ètò inú PlayStation wò láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ṣe ètò tiwọn tó ń gbé géèmù PlayStation sórí kọ̀ǹpútà. Sony pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Connectix láre. Ní 2024, Apple, tó ti ń lé irú ètò yìí kúrò lórí àtẹ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, yí òfin rẹ̀ padà, PPSSPP sì wọ ibẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ẹni tó bá dúró lórí pẹpẹ tó ní ètò náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀, kò tíì wádìí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tíì hó yè. Ó ku ti fáìlì. Ògbifọ̀ kò lè sọ̀rọ̀ bí kò bá sí oníwàásù, emulator náà kò sì lè gbé nǹkan kan bí kò bá sí géèmù. Níbo lẹ ti rí géèmù náà? Ọ̀rẹ́ ló fi ránṣẹ́. Ọ̀rẹ́ náà ńkọ́? Ó wà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ńkọ́? Kò sí ẹni tó gbàṣẹ. Òfin Copyright Act 2022, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tó dáàbò bò. Ní 2024 kan náà tí Apple ṣílẹ̀kùn, Nintendo pe àwọn tó ṣe emulator kan tó ń jẹ́ Yuzu lẹ́jọ́ pé wọ́n ń la ọ̀nà fún àwọn tó ń kó géèmù wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn yẹn gbà láti san mílíọ̀nù 2.4 dọ́là, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìlú tí wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ baba ńlá rẹ̀ lọ ní 1897, tó ṣì ń béèrè rẹ̀ títí di òní, kò yẹ kí a ti ibẹ̀ gbọ́ pé iṣẹ́ ẹlòmíì kì í ṣe nǹkan kan.

Ọmọ tèmi náà jẹ̀bi níbí. Nígbà tí mo wá fara balẹ̀ bi í, ó ní láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ lòun ti gba PES náà. Kíkùn tó kun aṣọ Insurance, tirẹ̀ ni. Ilẹ̀ tó kọ́ ilé náà sí kì í ṣe tirẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì yé e. PES tó kẹ́yìn tí Konami ṣe fún PSP ni ti 2014. Gbogbo èyí tí wọ́n ń kọ 2024, 2025 sí lára, àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ ló ń tún un kùn, àwọn ẹlòmíì sì ń fi í ṣe ìjẹ láti gbé fáìlì burúkú sínú fóònù onífóònù.

Ó dáa. Ṣé àwa àgbà wá ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀? Ìwé orin tí ẹgbẹ́ akọrin wa ń lò, mélòó nínú rẹ̀ la rà, mélòó la lọ ṣe fọ́tòkọ́pì? Orin ẹ̀mí tó kún inú mẹ́mọ́rì káàdì yín, ta ló san kọ́bọ̀ fún akọrin? Fíìmù tí ẹ fi fláàṣì gbà lọ́wọ́ aládùúgbò ńkọ́? Òfin kẹjọ kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Bí a bá fẹ́ fi í mú àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí tí a ń kó ìwé orin sí.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé: à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Lórí fóònù kan náà ni ilé tẹ́tẹ́ wà. Lójú ọ̀nà Siluko, ẹ ka iye ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí ẹ máa kọjá kí ẹ tó dé ilé. Àwọn bàbá kan nínú wa ń ta á, a kò sì tíì gbọ́ ìkéde kan lórí rẹ̀. Géèmù PSP kò gba owó lọ́wọ́ ọmọ. Kò fi ìpolówó hàn án. Àlejò tí a kò mọ̀ kì í bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí eré bá ti parí, ó ti parí. Bí ọmọ mi yóò bá di fóònù mú, ẹ jẹ́ kó jẹ́ bọ́ọ̀lù àtijọ́ ju kó jẹ́ kóòdù tẹ́tẹ́.

Ẹlòmíì á ní, "Àkókò ńkọ́? WAEC ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ọmọ tó gbá géèmù títí di aago méjì òru kò lè gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ṣebí àwa náà ta ayò títí ilẹ̀ fi ṣú? Wọ́n pè wá wọlé, wọ́n sì nà wá nígbà mìíràn. Kò sí bàbá tó fọ́ ọpọ́n ayò. Wákàtí ni a ń ṣòfin fún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Ní 2023, àwọn Video Game History Foundation ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé nínú géèmù tí wọ́n ti gbé jáde níbẹ̀ ṣáájú 2010, ìdá 87 nínú 100 ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ pàápàá kò rí i rà. Ìyẹn kò sọ fáìlì tí wọn kò gbàṣẹ rẹ̀ di mímọ́. Ó kàn jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bí a ṣe kéde rẹ̀.

Kí ni mo wá fẹ́? Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ìkéde yẹn padà. Lákòókò ìsìn, kí gbogbo fóònù dákẹ́, ti bàbá àti ti ọmọ. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìdánrawò akọrin, ẹ yọ̀ǹda gbọ̀ngàn fún wákàtí kan, kí àgbà méjì jókòó tì wọ́n. Èmi á jẹ́ ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ sí owó lórí eré kankan. Géèmù tí a ó lò níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a kò gbàṣẹ: inú PPSSPP fúnra rẹ̀ ni àtẹ homebrew wà, níbi tí àwọn tó ṣe géèmù tiwọn fún PSP ti fi í tọrẹ. Ẹni tó bá ní díìsìkì tirẹ̀, kó mú un wá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè kí ẹ tó já a gbà. Ẹ ní, "Kí lò ń ṣe níbẹ̀? Fi hàn mí." Bó bá jẹ́ Yahoo ni, ẹ ó mọ̀, ẹ ó sì rí ìdí láti pariwo. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ni, ẹ jókòó kó nà yín ní márùn-ún sí òdo.

Mo ti ra fóònù mìíràn fún ọmọ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò tíì padà sídìí aṣọ Insurance. Mo ti bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bó bá yá, Dádì." Mò ń dúró.